Lẹ́tà ṣíṣí sí àǹtí tó ń ṣe PhD, tó wá bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń lò lórí fóònù

Àǹtí wa, dókítà lọ́la,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrìn. Èmi ni bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, èyí tó ní agboòrùn aláwọ̀ ewé níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ dúró tì fún bí ogún ìṣẹ́jú torí pé obìnrin kan ń bá mi jà lórí síkírìn tó ní ayédèrú ni mo fi sí i fún òun. (Ojúlówó ni o. Ó padà wá bẹ̀ mí.) Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin, ẹ ṣàlàyé pé ẹ̀ ń ṣèwádìí lórí ohun tí fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe sí bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti sí àlàáfíà ọkàn wa, ẹ ní kí n buwọ́ lùwé pé mo gbà láti dáhùn, ẹ tún ní orúkọ mi ò ní hàn níbì kankan. Mo mọrírì ìyẹn gan-an ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kọ orúkọ mi síbí náà, ẹ̀yin sá ti mọ̀ mí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà ni pé irọ́ wà nínú ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, mo sì fẹ́ tún un ṣe kí ẹ tó lọ fi gboyè.

Ẹ bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń lò nídìí fóònù lójúmọ́. Mo kọ méjì. Mi ò tiẹ̀ ronú, ọwọ́ mi kàn kọ ọ́ ni, méjì ló jọ ohun tí ọmọlúàbí ń lò. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí settings, mo wọ ibi tí Google pè ní Digital Wellbeing, ibi tó ti ń ka gbogbo ìṣẹ́jú téèyàn bá lò, wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́jọ! Èmi tí mò ń fi ojoojúmọ́ sọ fún kọ́sítómà pé ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ bátìrì yẹn, kì í ṣe pé ó ti kú. Wọ́n á gbé fóònù wá, wọ́n á ní bátìrì ò gbé e dọ́sàn-án mọ́, mo bá ní ṣé ẹ máa ń lò ó púpọ̀ ni, wọ́n á ní rárá o, àwọn ò ráàyè fóònù, mo máa wá ṣí i kí wọ́n fojú ara wọn rí i, wákàtí mẹ́fà, wákàtí méje, TikTok nìkan mẹ́rin. Bàbá kan bínú sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní fóònù ló ń purọ́ mọ́ òun, pé bóyá àwọn ọmọ òun ni wọ́n fi nǹkan sí i. Ó sì gbé fóònù ẹ̀ lọ láìṣe é.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ mo gúgù ọ̀rọ̀ yìí dáadáa (mo kàwé o, ẹ má wo ọwọ́ mi tó dúdú yẹn). Mo wá rí i pé ẹ̀yin onímọ̀ náà ti mọ̀. Lọ́dún 2021 àwọn kan kó ìwádìí púpọ̀ jọ, àwọn èyí tó fi ohun táwọn èèyàn sọ pé àwọn ń lò wé ohun tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀, ẹnu àti ẹ̀rọ ò bára mu tó bó ṣe yẹ. Ó dáa, tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹnu wa ò ṣeé gbára lé, kí ló dé tó jẹ́ ti wákàtí lẹ kọ́kọ́ bi mí? Mi ò fi bú yín o, mo kàn ń bi yín ni.

Ibòmíì tún ni ibi tí ẹ ní kí n fi bírò yí nọ́ńbà ká, láti oókan dé márùn-ún, pé báwo ni ayé ṣe tẹ́ mi lọ́rùn sí. Mo yí mẹ́rin ká. Àǹtí, Yorùbá ni ẹ̀yin náà, ẹ mọ̀ pé tẹ́nì kan bá bi wá pé ṣé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ là ń wí. Owó ilé ìwé ọmọ ò tíì pé, a dúpẹ́. Lánlọ́ọ̀dù ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì lóòórọ̀, a dúpẹ́ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, èèyàn ò ní máa tú ẹ̀dùn ọkàn ẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò tó gbé báàgì kọ́ èjìká tó ń wo aago. Ẹni tó bá lè yí oókan ká níwájú yín, nǹkan tiẹ̀ ti kọjá ká máa dáhùn fọ́ọ̀mù. Torí náà mẹ́rin tí mo yí yẹn, "a dúpẹ́" ni, ẹ bá mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí àyè bá wà fún un nínú kọ̀ǹpútà yín.

Ohun tó wà nídìí lẹ́tà yìí gan-an wá ni ìbéèrè kan lójú ewé kẹta, pé láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ṣé ohun tí mo rí lórí fóònù ti bà mí lọ́kàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ti oṣù mẹ́fà yẹn, òótọ́ ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Ìdànrè ni bàbá mi ń gbé, ó ń ṣe kòkó ẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́jọ ò tíì lù, mo ti gbé áyọ́ọ̀nù sídìí ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù kan, Tecno ni, òjé ti ń yọ́, fóònù tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kàn ń fi ìka ọwọ́ òsì ṣí státọ́ọ̀sì WhatsApp lọ bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tí ojú ẹ̀ bá fẹ́ sinmi. Ẹnì kan ń polówó ìpara, ẹnì kan ń kí ìyàwó ẹ̀ kú ọjọ́ ìbí, ẹni tó kàn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn: fọ́tò bàbá mi, fìlà tó dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ló wà lórí ẹ̀, àbẹ́là méjì nísàlẹ̀, "Rest on Grandpa." Kí n tó mọ ohun tí mò ń wò, ó ti kọjá, ẹ mọ bí státọ́ọ̀sì ṣe ń sáré, ẹlòmíì ti ń polówó adìẹ. Mo ní láti fi ìka fà á padà kí n tó lè rí ikú bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jó ojú ibẹ̀ kọjá àtúnṣe, èmi ni mo padà ra bọ́ọ̀dù míì fún ẹni tó ni ín.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n á rán àgbà wá, wọ́n á ní ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, pé kéèyàn máa bọ̀ nílé, wọ́n á bá a jókòó nínú mọ́tò, òun náà á ti máa fura díẹ̀díẹ̀, ọkàn á ti máa gbára dì, tó bá fi máa rí ọ̀pọ̀ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé, èèyàn sì ti yí i ká tó lè dì í mú tó bá fẹ́ ṣubú. Àwọn ọmọ ìsìnyí ń pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀rọ ni mo pè é. Àwọn baba wa ló ṣe é, torí kí wọ́n lè rí nǹkan fi gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, àbúrò bàbá mi dé pẹ̀lú bàbá méjì, wọ́n ti háyà takisí wá láti Ìdànrè, agbádá ló wà lọ́rùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní "ara bàbá ẹ ò dá díẹ̀, wọ́n ní ká wá mú ẹ." Mo ní "há, kí ló ṣe wọ́n?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bi wọ́n o, àǹtí, ojú mi sì ti wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Àbúrò bàbá mi wò mí, ó wo fóònù tó wà lórí tábìlì, ó tún wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀, kò sọ ọ́, èmi náà ò sọ ọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a gba Òkè-Àró jáde, wọ́n ra búrẹ́dì fún mi lọ́nà, wọ́n ní kí n fi nǹkan sẹ́nu, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn òkè Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fọwọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní "ọmọ mi, bàbá ẹ ti lọ sinmi." Èmi tí mo ti sunkún tán nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo ti fi omi pọ́ńpù bọ́jú, mo wá ní láti bẹ̀rẹ̀ ní tuntun, torí àwọn àgbà mẹ́ta yìí ti wọ agbádá rìnrìn àjò wá nítorí ẹ̀, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n ṣe é lásán. Títí dòní, mi ò mọ èwo nínú ẹkún méjèèjì yẹn ni mo fi sunkún bàbá mi.

Mi ò bínú sí ọmọ yẹn mọ́. Ìyá ẹ̀ ló pè é láàárọ̀, òun náà ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ni, bóyá kò tiẹ̀ sí ẹni tó sọ fún un pé èmi ò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni státọ́ọ̀sì kan? Tí ẹ bá wá a nínú Digital Wellbeing tọjọ́ yẹn ẹ ò lè rí i. Ibo ló máa wọ̀ nínú fọ́ọ̀mù yín?

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo kórìíra fóònù, èmi tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá elépo.

Ìyá kan ń ta epo pupa nínú ọjà níbí, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ níbí òru ṣì ni lọ́dọ̀ tiẹ̀, àtibára wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú ò rọrùn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ìyá máa ń fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ lárààárọ̀ kó tó pàtẹ, kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, oríkì ọmọ ẹ̀ ló máa fi kì í látòkè délẹ̀, á wá fi "ṣé o ti jẹun?" parí ẹ̀. Ọmọ á gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì tó bá ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á fi tiẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ìyá ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sétí, gbangba ló máa ń tan án sí, gbogbo ìsọ̀ ló ń gbọ́, àwọn aláta ń ṣàmín sí àdúrà ọmọ ọlọ́mọ, ẹlẹ́ja kan tiẹ̀ wà tó máa ń bi í pé "ọmọ wa ò tíì sọ̀rọ̀ lónìí ni?" (Ẹ kọ "fóònù rẹ" sínú fọ́ọ̀mù jákèjádò. Fóònù ìyá yẹn, fóònù ta ni?)

Lọ́jọ́ kan fóònù já bọ́ sínú agbada epo. Ó fi ìwé ìròyìn wé e wá bá mi, epo ń kán sórí tábìlì mi, mo ní ìyá, ẹ jẹ́ ká wá tòkúnbọ̀ kan fún yín, owó tí màá gbà lórí eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíì. Ó ní "ohùn ọmọ mi wà nínú ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá fóònù yẹn jà. Omi rọrùn, omi á gbẹ, àmọ́ epo pupa kì í gbẹ, ńṣe ló ń dì. Mo tú u palẹ̀, mo fi tíńnà àti bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ bọ́ọ̀dù, mo fi atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ ẹ, epo tún yọ lábẹ́ IC, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó wà lórí bọ́ọ̀dù, mo tún fọ̀ ọ́. Síkírìn ti kú pátápátá, mo yá ti fóònù míì so mọ́ ọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ó tan. Kò sí Gmail, kò sí bákọ́ọ̀pù kankan, ẹni tó tà á fún un ò ṣe nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń kó fóìsì nóòtì pa mọ́ sínú fóònù fúnra ẹ̀, fáìlì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní opus, mo bá wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n lé ní irinwó. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì. Nígbà tí ìyá dé, mo tẹ àkọ́kọ́ fún un, ti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni, ó ní "Màámi, òtútù ibí yìí ò mọ ọmọ ẹni kankan o." Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó dìde, ó lọ, ó gbàgbé láti sanwó. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìgò epo méjì wá, mi ò béèrè owó mọ́.

Ìyá yìí ò lo fóònù tó ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọọ̀kì, ti gbà ní January 2025 kí àwọn nẹ́tíwọọ̀kì fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà, ó tiẹ̀ ti dín kù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ń wá láàárọ̀ kí n tan họ́tsípọ́ọ̀tì fún un. Tí ẹ bá kó fọ́ọ̀mù èmi àti tiẹ̀ pọ̀, kọ̀ǹpútà yín á ní èmi ni fóònù ti gbé lọ, kò jọ pé òun mọ̀ pé fóònù wà láyé.

Èyí ló mú mi rántí nǹkan tí mo kà, tó pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2019, àwọn olùṣèwádìí méjì, Amy Orben àti Andrew Przybylski, yẹ dátà àwọn ọ̀dọ́ 355,358 wò ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, wọ́n ní nínú gbogbo ohun tó mú kí àlàáfíà ọ̀dọ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìlò ẹ̀rọ ò kó ju 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n ní bó ṣe bà á jẹ́ mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú jíjẹ pòtétò. Pòtétò! Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin tó ń jẹ pòtétò díndín tó tún ń tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi òun sílẹ̀. Mi ò ní wọ́n ṣìrò o, wọ́n mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Ojú tèmi ni pé tí ẹ bá da èmi tí mo rí ikú bàbá mi lórí státọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ìyá elépo tó ń ki ọmọ ẹ̀ ní oríkì, omi gbígbóná àti omi tútù lẹ dà pọ̀ yẹn, ẹ wá tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ní ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò le rárá. Kò lè le. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi gbígbóná yẹn ti bó ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe òní náà ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ń fi owó ẹyọ pa àrokò, tí méjì bá kọjú síra lórí okùn, ìfẹ́ ni, tí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ìjà ti dé. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ náírà 50, kí Glo tó dé lọ́dún 2003 pẹ̀lú owó ìpè tí wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá, abẹ́ agboòrùn ni mo wà tí mò ń ta ìpè, ojú mi ló ṣe, gbogbo ìlú ló mọ fílááṣì, kéèyàn pè kó sì gé e kí wọ́n tó gbé e: ẹ̀ẹ̀kan, mo ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì, pè mí, owó mi ti tán. Ẹnikẹ́ni ò gbé e, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ sì dé. Nígbà tó di November 2014, WhatsApp gbé tíìkì búlúù méjì dé, ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi kò pẹ́ sígbà yẹn, ó ní kí n bá òun yẹ fóònù òun wò, pé ó ń fi hàn pé bọ̀bọ́ òun ti ka ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì dáhùn, bóyá fóònù ló ń ṣe ségesège. Mo gbà á, mo tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kó lè rí i pé mo ṣiṣẹ́. Fóònù ò ṣe nǹkan kan. Owó ẹyọ ló kọ̀yìn síra. Mi ò gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Àǹtí, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ èèyàn ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi wá. Ta ló gbé e wá, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nígbà tó dé, ohùn ta lò ń retí, tí kò bá wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé yí nọ́ńbà ká fún, àti pé ọ̀gá yín ní yunifásítì lè ní kò bá ìlànà mu, àmọ́ tí ẹ bá fi bẹ́ǹṣì jókòó kí ẹ tan rẹkọ́dà, àwa náà á sọ.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ padà wá nìyí. Mo kà nípa olùṣèwádìí kan, Robert Kraut, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 169 nínú ilé 73 nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé èèyàn, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1998 pé àwọn tó ń lò ó jù ni wọn ò bá ará ilé sọ̀rọ̀ tó mọ́, tí ó sì dà bíi pé wọ́n túbọ̀ ń dá wà. Ayé gbọ́, ayé pariwo. Wọ́n wá padà lọ bá àwọn èèyàn kan náà, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002 sì sọ pé púpọ̀ nínú aburú yẹn ti pòórá. Ká ní wọn ò padà lọ ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan péré ni.

Ẹ má wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ohun tó bàjẹ́ láti Sátidé ni wọ́n máa ń kó dé lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dáa, ìyá elépo náà á wà níbẹ̀, mo ti sọ fún un, ó ní ṣé ẹ ti lọ́kọ. Ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá mi fa igi lé méjì yẹn, ẹ kọ mẹ́jọ. Mẹ́rin tí mo yí ká, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Bọ̀dá onífóònù, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ṣájà yín wà lọ́dọ̀ mi. Orí ẹ̀ ti ń gé, mo ti bá yín so ó.